Rìbọ́ọ̀nù Pupa, Rìbọ́ọ̀nù Gíríìnì

1.

…pé kí ọkàn wọn balẹ̀, pé kò sí ohun tó lè sọnù níbẹ̀, nítorí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ máa wà, kì í ṣe inú àpótí tí ikán lè jẹ.

Ọláwùmí fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Orí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé ló jókòó sí ní Àsin-Èkìtì, òun àti màmá rẹ̀ àti gbogbo ẹbí. Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi, tó wá láti ọ́fíìsì tí ń tọ́jú ohun àtijọ́, ló ń sọ̀rọ̀. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, ẹrẹ̀ sì ti gun gbogbo wa dé orúnkún, ṣùgbọ́n kò kan bàtà yẹn.

Ikán kò jẹ ẹ́ lóòótọ́.


2.

ÌKÉDE
(ó wà lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú; òjò ti fọ ìdajì rẹ̀)

GBOGBO ẸBÍ tó ní ilé tàbí sàréè ní ahoro Òkè-Ulé: ọ̀nà tuntun yóò gba ibẹ̀ kọjá. Kí katakata tó dé, àwọn awalẹ̀pìtàn yóò hú ohun tó wà nílẹ̀, wọn yóò ya àwòrán rẹ̀, wọn yóò kọ ibi tí wọ́n ti rí i sílẹ̀. Egungun àwọn olóògbé yóò padà sọ́wọ́ ẹbí wọn LỌ́KỌ̀Ọ̀KAN, pẹ̀lú orúkọ, fún ìsìnkú tó bójú mu.

Ẹ fọwọ́sowọ́pọ̀.


3.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀.

Ní ayé àwọn tó ṣáájú wa, wọn kì í gbé àgbàlagbà jáde lọ sin sínú igbó bí ẹni tí kò ní ilé. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ sí. Wọ́n á sin ín, wọ́n á fi ìgbẹ́ màlúù ra ilẹ̀ náà kó dán, àwọn ọmọ á sì máa sùn lórí rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará Òkè-Ulé kó lọ sí ẹ̀bá títì, òkú kò bá wọn kó. Ilé wó. Igbó hù. Nínú ilé bàbá-bàbá ìdílé yìí, ẹni mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Bàbá Àgbà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́. Ìyàwó rẹ̀ àgbà, Ìyá Oníkòkò, tó bí màmá Ọláwùmí, wà ní yàrá ọ̀tún. Ìyàwó kékeré, Ìyá Onírú, tó bí Bàbá Olúmúyìwá olórí ẹbí, wà ní yàrá òsì.

Kò sí òkúta lórí ẹnikẹ́ni, kò sí orúkọ. Yàrá ni orúkọ wọn. Ẹni tó mọ yàrá ló mọ òkú.


4.

Ohun tí wọ́n sọ ní Òkè-Ulé, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ na okùn yí ilé náà ká. Tèmítáyọ̀ ni ọmọbìnrin tó ṣáájú àwọn awalẹ̀pìtàn. Ó gbé pátákó kékeré kan lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sínú gbogbo àwòrán tí wọ́n bá yà.

BÀBÁ OLÚMÚYÌWÁ: Kí lo kọ síbẹ̀ yẹn?

TÈMÍTÁYỌ̀: Nọ́ńbà ni, sà. Sàréè kìíní, sàréè kejì…

BÀBÁ OLÚMÚYÌWÁ: Ta lò ń kà?

TÈMÍTÁYỌ̀: Ẹ má bínú, sà. Kí a má baà ṣì wọ́n mú fún ara wọn ni.

BÀBÁ OLÚMÚYÌWÁ: A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Bàbá mi wá lo fẹ́ kà bí iṣu inú abà?

MÀMÁ DEBORAH (màmá Ọláwùmí): Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣe uṣẹ́ rẹ̀.

BÀBÁ OLÚMÚYÌWÁ: Bàbá mi kì í ṣe uṣẹ́ rẹ̀.

TÈMÍTÁYỌ̀: Sà, bí kò bá sí àmì, lọ́jọ́ iwájú a ò ní mọ ẹni tí ẹnikẹ́ni jẹ́.

ỌLÁWÙMÍ: Ẹ lo rìbọ́ọ̀nù.

BÀBÁ OLÚMÚYÌWÁ: Kí ni rìbọ́ọ̀nù?

ỌLÁWÙMÍ: Èyí tí mo fi ń dárà sí etí aṣọ ọmọdé. Ẹnì kan, àwọ̀ kan. Ẹ so ó mọ́ etí sàréè kí ẹ tó yà á. Ẹ so irú kan náà mọ́ àpótí tí ẹ bá kó o sí. Kò sí ẹni tí a kà.

BÀBÁ OLÚMÚYÌWÁ: Ẹ gbà mí o! Télọ̀ fẹ́ dá aṣọ fún òkú.

(Ẹ̀rín. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Ó gbà.)


5.

Láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkọ̀lé ni Ọláwùmí ti gé e wá.

Funfun.
Dúdú.
Pupa.
Gíríìnì.

Ẹbí kò gbọdọ̀ kọjá okùn. Wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ tapólì, ẹ̀fúùfù ń ju omi sí wọn lójú. Ẹ̀yìn Tèmítáyọ̀ ni Ọláwùmí ń wò nígbà tó ń so rìbọ́ọ̀nù. Kò rí ọwọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọ ohun gbogbo sínú tábúlẹ́ẹ̀tì: àwọ̀, yàrá, orúkọ.

Lábẹ́ yàrá wọn, wọ́n tún bá ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n fi apáàdì tẹ́, ègé rẹ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́ bí eyín àgbàdo. Àwọn tó ṣe é ti gbó ju ẹnikẹ́ni tí a mọ orúkọ rẹ̀ lọ. Wọ́n ya ìyẹn náà. Wọ́n hú ìyẹn náà.

Kí wọ́n tó lọ, Tèmítáyọ̀ wá bá Màmá Deborah, ó kúnlẹ̀, kò parọ́ fún un:

“Màmá, ilẹ̀ tí a bá ti wà, a ti bà á jẹ́. A ò lè wà á lẹ́ẹ̀mejì. Àkọsílẹ̀ yìí ni ilẹ̀ tó kù.”

Wọ́n kó àpótí lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ọ́fíìsì. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ yẹ egungun wò.


6.

Ọ̀dà ti bo Òkè-Ulé. Tírélà ń sáré lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àgbà.


7.

Wáàsáàpù. Ọláwùmí àti Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi.

> Mà, ilé ìkẹ́rùsí ti kún. Ẹ wá gbé òkú yín. Ẹ wá sọ àpótí tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kí a lè kọ orúkọ sí i.

> Ẹ káàsán sà. Ẹ̀yin lẹ ní àkọsílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wa.

> Ó wà.

> Níbo ló wà, sà?

> Ó wà níbẹ̀.

> Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

> Kọ̀ǹpútà wa ní fáírọ́ọ̀sì, wọ́n ti nù ún nù. Ó ń béèrè kódù báyìí kí a tó lè wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orí fóònù Tèmítáyọ̀ ni kódù ń lọ. Ẹ bá a sọ ọ́.

> Ṣé èmi ni kí n bá a sọ ọ́, sà?

> Ẹ̀yin lẹ nílò rẹ̀, mà.


8.

ÀTẸ RÌBỌ́Ọ̀NÙ
àwọ̀ / yàrá / orúkọ

Fáìlì yìí, tí Tèmítáyọ̀ kọ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, wà. Kò sí ohun tó lè ṣí i. Ilé-iṣẹ́ tó ni àpù tí wọ́n fi kọ ọ́ ti kógbá wọlé.


9.

Ohùn Tèmítáyọ̀, láti òkè òkun:

“Àǹtí Ọláwùmí, ẹ kú àtijọ́. Kì í ṣe pé mo gbàgbé yín, mà. Nígbà tí mò ń lọ, mo sọ fún wọn lọ́fíìsì kí wọ́n yọ nọ́ńbà mi, kí wọ́n fi tiwọn sí i. Wọ́n ní àwọn máa ṣe é. Láìnì yẹn ti kú, mi ò lò ó mọ́, wọ́n sì ti tà á fún ẹlòmíràn. Mo ti fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ránṣẹ́ sí yín kí ẹ fi wọlé lórí fóònù yín; kódù nìkan ló kù. Àfi kí ẹ pe nọ́ńbà náà. Ẹni yòówù tó bá gbé e, ọwọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà.”


10.

Ìpè àkọ́kọ́.

ỌLÁWÙMÍ: Ẹ n lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà kan máa wọlé sórí fóònù yín, kí ẹ bá mi kà á.

OHÙN ỌKÙNRIN: Àǹtí yàhúù, ẹ káàárọ̀. Ẹ ti jẹun?

ỌLÁWÙMÍ: N kì í ṣe yàhúù. Egungun ìyá ìyá mi ni mo—

OHÙN ỌKÙNRIN: Egungun! Kì í tiẹ̀ ṣe yàhúù lásán!

(Ó pa á.)

Ìpè kejì. Ó pa á.

Ìpè kẹta.

OHÙN ỌKÙNRIN: Ṣé ojú rẹ ò tì ọ́ ni? Bí o bá láyà, máa bọ̀ ní Ìdó, níwájú ilé-ìwòsàn. Béèrè Làmídì ọlọ́kadà. Wá fi ojú yẹn hàn mí.


11.

Ó lọ.

Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́, nínú takisí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé, tí òun fọwọ́ dì í mú títí. Ọ̀yẹ́ sí Ìfàkì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó gbé adìyẹ lé itan. Ìfàkì sí Ìdó. Ó ti pa ṣọ́ọ̀bù dé. Aṣọ ìyàwó kan wà lórí ẹ̀rọ, ìyàwó náà sì ń pè é láìsinmi.

LÀMÍDÌ: Ìwọ nìyẹn? O ti dàgbà ju yàhúù lọ.

ỌLÁWÙMÍ: Mo sọ fún yín.

LÀMÍDÌ: Kí niṣẹ́ rẹ?

ỌLÁWÙMÍ: Télọ̀ ni mí.

LÀMÍDÌ: Kò sí olè tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Jákẹ́ẹ̀tì mi rèé, ó ti ya lábíyá. Rán an kí n rí i.

ỌLỌ́KADÀ MÌÍRÀN: Làmídì, ṣòkòtò ńkọ́? Bọ́ ṣòkòtò náà fún un!

(Ẹ̀rín. Ọláwùmí mú abẹ́rẹ́ àti òwú jáde nínú báàgì. Ó jókòó sórí ọ̀kadà tí wọ́n gbé dúró. Kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.)

LÀMÍDÌ: Ẹ wá wo ojú abẹ́rẹ́ o. Kò hàn rárá.

ỌLÁWÙMÍ: Kódù ńkọ́?

LÀMÍDÌ: Báǹkì ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

ỌLÁWÙMÍ: Kì í ṣe ti báǹkì, bọ̀dá. Àwòrán òkú wa ni.

LÀMÍDÌ: Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́. Gbé fóònù rẹ wá, kí n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fúnra mi. Títẹ̀ kì í ṣe sísọ.

(Ó yí ẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Ó tẹ̀ ẹ́.)

LÀMÍDÌ: Ó ṣí. Ìyá àgbà inú fóònù, ẹ káàbọ̀ o. Àǹtí, ṣé ẹ rí wọn?


12.

Àwòrán. Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Rìbọ́ọ̀nù funfun.

Àwòrán. Yàrá ẹ̀gbẹ́. Rìbọ́ọ̀nù dúdú.

Àwòrán. Yàrá ọ̀tún. Rìbọ́ọ̀nù eérú.

Àwòrán. Yàrá òsì. Rìbọ́ọ̀nù eérú.


13.

Eérú ni ewé. Eérú ni ẹrẹ̀. Eérú ni tapólì, tí gbogbo wa mọ̀ pé búlúù ni. Ó fẹ ọ̀kan lójú, bóyá egungun ọwọ́ tàbí eyín á sọ nǹkan. Wọ́n ti dín in kù tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, bó ṣe ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń di búlọ́ọ̀kù lórí búlọ́ọ̀kù.

LÀMÍDÌ: Àǹtí, kí ló dé? Ẹ jókòó. Ẹ bu omi fún un.


14.

Àwọn ọkùnrin ṣì ṣeé dá mọ̀, funfun àti dúdú; àwọn obìnrin ni eérú.


15.

Ní ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi. Ọláwùmí tan fóònù láti gba ohùn sílẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì níbi tí ọkùnrin náà ti lè rí i.

ỌLÁWÙMÍ: Ta ló yọ àwọ̀ rẹ̀?

BABÁFẸ́MI: Òfin ni, mà. Gbogbo ohun tí a bá fi pamọ́, dúdú àti funfun la máa ń sọ ọ́ dà, kó má baà gba ààyè.

ỌLÁWÙMÍ: Lẹ́tà lẹ ṣe òfin yẹn fún.

BABÁFẸ́MI: Òfin ò yọ fọ́tò sílẹ̀.

ỌLÁWÙMÍ: Àwọn tó ní àwọ̀ dà?

BABÁFẸ́MI: A pa wọ́n rẹ́. Kí ọ̀kan má baà di méjì kó wá máa dà wá láàmú.

ỌLÁWÙMÍ: Ẹ pa wọ́n rẹ́.

BABÁFẸ́MI: Mà, ẹ má pariwo. Àwòrán ṣì wà. Gbogbo rẹ̀ pé, kò sí ọ̀kan tó dín.

ỌLÁWÙMÍ: Pupa ni èyí, àbí gíríìnì?

BABÁFẸ́MI: (Ó tẹ orí wo àwòrán náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.)

ỌLÁWÙMÍ: Ọ̀gá, mò ń bi yín.

BABÁFẸ́MI: Bóyá bí ẹ bá gbé e síbi tí oòrùn wà.

ỌLÁWÙMÍ: Egungun tí ẹ ní ẹ fẹ́ yẹ̀ wò ńkọ́? Kí lẹ rí?

BABÁFẸ́MI: Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò kan wà tó lè sọ ẹni tó bí ẹnì kan, ṣùgbọ́n kò sí nínú ètò wa.

ỌLÁWÙMÍ: Kí ló wà nínú ètò yín?

BABÁFẸ́MI: Kí ẹ wá gbé wọn, mà.


16.

Kò gbà pé ó parí. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gé pupa, ó gé gíríìnì láti ara róòlù tó kù, ó tẹ́ wọn sórí amọ̀, ó fi fóònù yà wọ́n ní dúdú àti funfun. Ó yà wọ́n lábẹ́ ìbòòji, ó yà wọ́n nínú oòrùn. Ó fi omi rẹ wọ́n bí òjò ọjọ́ náà ṣe rẹ wọ́n, ó tún wọn yà.

Eérú kan náà.

Bí ó bá jẹ́ yẹ́lò ni òun gé lọ́jọ́ yẹn, ìbá hàn. Yẹ́lò wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó wà lórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa.


17.

Ohùn Tèmítáyọ̀:

“Mo rò pé pupa ni mo so fún yàrá ọ̀tún. Mo rò bẹ́ẹ̀ ni o, mà. Ẹ má sọ pé kí n búra. Mo ti wa ilẹ̀ púpọ̀ láti ìgbà yẹn, gbogbo ọ̀wọ́ àwọ̀ ti dàpọ̀ lójú mi. Ẹ bá mi bẹ Màmá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, Àǹtí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa.”


18.

Kí ló dé tí wọn kò kàn sin àwọn obìnrin méjèèjì pọ̀?

Bàbá Olúmúyìwá sọ bẹ́ẹ̀. “Ọkọ kan náà ló fẹ́ wọn.” Ó tún kọjú sí Ọláwùmí: “Ìwọ náà lo mú rìbọ́ọ̀nù wá. Bí ẹ bá ti jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà ni…”

Ọláwùmí wò ó. Ó di ẹnu rẹ̀ mú bí ẹni di omi gbígbóná sẹ́nu, nítorí pé àgbà ni.

Màmá Deborah ló dá a lóhùn.

“Ìyá mi mọ ìkòkò, ó tò wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n gbẹ. Wọn ò tíì wọ iná. Ìyá yín da omi irú lù wọ́n, gbogbo rẹ̀ padà di amọ̀. Àwọn ìkòkò yẹn ni wọn ìbá tà fi rán mi padà sí ilé-ìwé. N kò padà mọ́. Mo sì mọ lẹ́tà tí wọ́n ń kọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo kúrò.”

“Òjò ni.”

“Ẹ̀ẹ̀rùn ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Deborah, àwọn tó jà ti kú.”

“Wọ́n kú sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ògiri wà láàárín wọn. Àwọn fúnra wọn ló ní kí ògiri wà níbẹ̀. Ta ni yóò wá wó o fún wọn? Bọ́ìsì ọ́fíìsì?”


19.

Ibi ìsìnkú tuntun wà lókè ìlú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́rin. Àlùfáà gbàdúrà. Funfun wọlé: Bàbá Àgbà. Dúdú wọlé: àbúrò rẹ̀. Wọ́n kọrin fún wọn.

Ó ku méjì.

BABÁFẸ́MI: Màmá, ẹ mú ọ̀kan. Ẹ̀yin kọ́kọ́ mú.

MÀMÁ DEBORAH: Ṣé ọjà ni?

BABÁFẸ́MI: Ọkọ̀ ń dúró dè wá, Mà.

MÀMÁ DEBORAH: Ọmọ yẹn ní òun rò pé pupa ni. Ẹ gbé pupa fún mi.

BÀBÁ OLÚMÚYÌWÁ: Dúró.

MÀMÁ DEBORAH: Kí ni?

BÀBÁ OLÚMÚYÌWÁ: Pupa lèmi náà fẹ́.

MÀMÁ DEBORAH: Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a sin wọ́n pọ̀?

BÀBÁ OLÚMÚYÌWÁ: Ìyá mi kò wé gèlè mìíràn rí bí kò ṣe pupa. Òun ni wọ́n fi wé e lórí nígbà tí wọ́n sin ín. Bí ọmọ yẹn bá rí òwú rẹ̀ nínú ilẹ̀, pupa náà ni yóò so fún un. Mo rò ó títí, Deborah. N kò lè fọwọ́ gbé ìyá mi fún ẹ.

MÀMÁ DEBORAH: Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè fi ìyá mi fún yín.

BABÁFẸ́MI: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a—

BÀBÁ OLÚMÚYÌWÁ ÀTI MÀMÁ DEBORAH: Dákẹ́!

(Ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn tí ẹnu wọn ṣọ̀kan lórí ohun kan.)


20.

FỌ́Ọ̀MÙ ÌDÁPADÀ EGUNGUN
(aṣojú ẹbí ni kó kọ ọ́)

Àpótí funfun, orúkọ: *Bàbá Àgbà*

Àpótí dúdú, orúkọ: *Àbúrò Bàbá Àgbà*

Àpótí pupa, orúkọ: *Ẹ bi ọ́fíìsì yín.*

Àpótí gíríìnì, orúkọ: *Ẹ bi ọ́fíìsì yín.*

Ǹjẹ́ ẹbí gbà pé ohun gbogbo pé? *Ohun tí a fún yín pé nígbà tí a fún yín.*

Ìbuwọ́lùwé:


21.

BABÁFẸ́MI: Mà, wọn ò ní gba irú èyí lọ́wọ́ mi.

ỌLÁWÙMÍ: Kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ mi.

BABÁFẸ́MI: Ẹ kàn fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin àti ẹbí yín á wá yanjú ìyókù nílé.

ỌLÁWÙMÍ: Ilé wo? Ẹ ti da ọ̀dà lé e.


22.

Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ti lọ jókòó sábẹ́ igi obì, ṣọ́bìrì wọn wà nílẹ̀. Àlùfáà ti pa ìwé rẹ̀ dé. Awakọ̀ ọ́fíìsì fọn fèrè ọkọ̀, ó tún un fọn.

Bàbá Olúmúyìwá kò kúrò. Ó dúró létí ihò kan, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Màmá Deborah ní kí wọ́n gbé àga wá láti inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e sáàárín àpótí méjèèjì. Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ kan lé pupa, ó gbé ọwọ́ kejì lé gíríìnì, bí ẹni tó di ọmọ méjì tó ń jà mú.

“Ọláwùmí.”

“Mà.”

“Ọ̀gá wo ló ga ju eléyìí lọ?”

“N kò mọ̀ ọ́n, Màmá.”

“Wá a. Pè é. Sọ fún un pé mo ti jókòó.”